Lẹ́tà ṣíṣí sí Bọ̀dá mi ṣọ́jà tó fẹ́ já SBP sílẹ̀

Bọ̀dá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ sì kú ìsinmi, torí ẹni tó bá fi ohun tó lé lógún ọdún wọ yunifọ́ọ̀mù ìjọba Amẹ́ríkà, tó lọ Iraq, tó lọ Afghanistan, tó sì fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn padà wálé, ìsinmi tọ́ sí i. Mo gbọ́ fọ́ìsì nóòtù tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ látòkè délẹ̀, àtibi tẹ́ ẹ ti ń ráhùn lórí owó SBP tí wọ́n ń yọ nínú pẹ́ńṣàn yín lóṣooṣù kí ìyàwó yín lè rí nǹkan gbà tẹ́ ẹ bá kú, dé ibi tẹ́ ẹ ti ní kí n bá yín bá Àǹtí, ìyàwó yín, sọ̀rọ̀ torí èmi àti wọn mọwọ́ ara wa, kí wọ́n lè sáìn fọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ fẹ́ fi jáde nínú ẹ̀ láìsí wàhálà. Mi ò ní bá wọn sọ ọ́ o. Ẹ má bínú.

Gbangba yìí ni mo ti fẹ́ fún yín lésì, kì í ṣe pé mo fẹ́ tú yín fó, orúkọ yín ò sí ńbí, ìlú tẹ́ ẹ ń gbé náà ò sí ńbí, àmọ́ ẹ̀yin nìkan kọ́ lọ̀rọ̀ yìí kàn. Ẹ rántí àwọn ọmọ wa tó gba MAVNI, ètò tó ń gba àwọn àjèjì sí iṣẹ́ ṣọ́jà, wọ Army láti 2009, ìgbà tí wọ́n ń wá àwọn tó gbọ́ èdè tí àwọn fúnra wọn ò gbọ́, tí wọ́n fi Yorùbá, Haúsá àti Ígbò sínú líìsì. Àwọn tó kọ́kọ́ wọlé nínú wọn, láti 2029 lọ ni ogún ọdún tí wọ́n fi ń gba pẹ́ńṣàn á bẹ̀rẹ̀ sí í pé wọn. Ibi tẹ́ ẹ dúró sí yìí gan-an ni wọ́n ń bọ̀ wá dúró sí, irú fọ́ìsì nóòtù yìí náà ni wọ́n á máa fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan, èmi tí mo ti jókòó sí S-1, ọ́fíìsì tó ń rí sí ìwé àwọn ṣọ́jà, tí mo ń tẹ pépà ẹlòmíì ṣáájú kí n tó bọ́ yunifọ́ọ̀mù sì mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa ń lọ.

Fún àwọn tó ń kà á tí wọn ò wọ ṣọ́jà rí: pẹ́ńṣàn ṣọ́jà Amẹ́ríkà, ọjọ́ tí ẹni tó ni ín bá kú lówó náà dúró. Kì í ṣe ìparí ọdún, kì í ṣe lẹ́yìn ogójì ọjọ́. Ọjọ́ yẹn gan-an. Owó oṣù yẹn tó bá ti wọ báńkì, wọ́n á fà á padà, wọ́n á wá ṣírò iye ọjọ́ tí olóògbé lò láyé nínú oṣù náà, ìyẹn nìkan ni wọ́n á san. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe Survivor Benefit Plan, tí gbogbo èèyàn ń pè ní SBP, Nixon ló buwọ́ lù ú ní 21 September 1972. Èyí tó wà ṣáájú ẹ̀ láti 1953 wọ́n gan-an, àwọn tó wọ̀ ọ́ ò pọ̀, bí àwọn àgbà ṣọ́jà ṣe ń kú báyìí ni àwọn opó wọn ń jókòó sílé láìní nǹkan kan. SBP tiwa yìí, tó bá jẹ́ ti ìyàwó, pásẹ́ǹtì 6.5 ni wọ́n ń yọ nínú iye pẹ́ńṣàn téèyàn bá fi sílẹ̀ fún un, tí ọkọ bá wá kú, pásẹ́ǹtì 55 iye yẹn ni wọ́n á máa san fún ìyàwó lóṣooṣù títí ọlọ́jọ́ á fi dé, bí nǹkan bá sì ṣe ń wọ́n lọ́jà ni wọ́n ń bù kún un.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀, mi ò ní sọ iye tẹ́ ẹ ń gbà gan-an, ká ní $3,000 ni. Ohun tí wọ́n ń yọ jẹ́ $195 lóṣù, ohun tí Àǹtí á máa gbà jẹ́ $1,650 lóṣù. Ẹ wá wò ó dáadáa, ká ní ọgbọ̀n ọdún lẹ fi san án, ká pa ti owó tí wọ́n ń bù kún un tì torí méjèèjì ló ń gbé sókè, gbogbo ẹ̀ á jẹ́ $70,200. Àǹtí á gba $19,800 lọ́dún. Ìyẹn ni pé kí wọ́n tó gbà á fún ọdún mẹ́rin, wọ́n ti gba gbogbo ohun tẹ́ ẹ san láti ọgbọ̀n ọdún padà, èyí tó bá ṣẹ́ kù, ìjọba lẹ̀ ń bá jẹ. Ẹ sì fi ọdún mẹ́sàn-án ju Àǹtí lọ. Kì í ṣe èpè o, Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́, àmọ́ ẹ̀yin náà mọ̀ pé tá a bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa lónìí, opó tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju ọkùnrin tí ìyàwó ẹ̀ kú lọ.

Ohun tẹ́ ẹ ò tiẹ̀ mẹ́nu bà ni pé $195 yẹn kì í dùn yín tó $195. Ṣáájú kí wọ́n tó ṣírò owó orí ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n ti ń yọ ọ́, ẹ ò san owó orí lórí ẹ̀. Ẹni tó ń san owó orí pásẹ́ǹtì 12, ohun tó kúrò lápò ẹ̀ gan-an jẹ́ nǹkan bíi $172. Òótọ́ ni pé tó bá di ọwọ́ Àǹtí, owó orí wà lórí ẹ̀ nígbà yẹn, mi ò fi ìyẹn pamọ́ fún yín.

Ẹ ní kẹ́ ẹ máa rí owó yẹn kẹ́ ẹ fi dá àjọ. Bọ̀dá mi! Àjọ wo? Èmi àti ẹ̀yin mọ ibi tí $195 yẹn ń lọ, ó ń lọ sí aṣọ ẹbí àti owó tí wọ́n ń bèèrè látilé ní gbogbo Saturday.

Ẹ tún ní kí ni ìdí téèyàn fi ń san án nígbà tí VA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó àwọn tó ti ṣe ṣọ́jà rí, á san DIC, owó opó tiwọn, fún ìyàwó, tí wọ́n á sì wá yọ iye DIC yẹn kúrò nínú SBP. Ìyẹn ti kọjá lọ o. Ó rí bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, àwọn opó ń pè é ní owó orí opó, wọ́n jà títí kí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì tó dá wọn lóhùn, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù ní 2021, wọ́n tún dín in kù sí i ní 2022, nígbà tó fi máa di January 2023 kò sí mọ́ rárá. Opó tó bá tọ́ sí méjèèjì, méjèèjì ló ń gbà, odindi. Àmọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ yín wà gan-an nìyí: ta ló sọ fún yín pé DIC á wá? Nínú ìdíwọ̀n tí VA fi ń mọ bí iṣẹ́ ológun ṣe pa èèyàn lára tó, wọn ò fún yín ní 100. Pásẹ́ǹtì 70 lẹ wà. DIC, àfi tó bá jẹ́ ohun tí iṣẹ́ ológun dá sí yín lára ló pa yín, tàbí kẹ́ ẹ ti wà ní 100 fún ọdún mẹ́wàá kẹ́ ẹ tó kú, àwọn ọ̀nà díẹ̀ mìíì wà àmọ́ kì í ṣe tiyín. Tó bá jẹ́ mọ́tò ló gbá yín ní highway, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, Àǹtí ò ní í rí DIC gbà. Owó tó lé ní $1,600 lóṣù lẹ ti ń ná lọ́kàn báyìí, ẹnikẹ́ni ò sì ṣèlérí ẹ̀ fún yín.

Ẹ tún ní ẹ máa fi ínṣọ́ránsì ẹ̀mí rọ́pò SBP, mi ò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Ó dáa, ẹ ra á, kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ má ra á. Àmọ́ ti ogún ọdún tí ọmọkùnrin tó ń ta ínṣọ́ránsì yẹn fẹ́ tà fún yín, tẹ́ ẹ bá ra á báyìí, ìgbà tẹ́ ẹ bá ń sún mọ́ àádọ́rin ló máa parí, ìgbà yẹn gan-an lẹ máa wá nílò ẹ̀. Ẹ sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ ń fi ẹ̀rọ sùn lálẹ́, wọ́n á bi yín ní gbogbo ìyẹn kí wọ́n tó sọ iye. SBP ò bi yín nípa ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ẹ wá ní tó bá jẹ́ Àǹtí ló ṣáájú lọ ńkọ́? Tẹ́ ẹ bá ti sọ fún wọn, wọ́n á dá yíyọ náà dúró. Èyí tẹ́ ẹ ti san lọ nìyẹn, mi ò ní parọ́ fún yín. Ẹ ní tí wọ́n bá wá fẹ́ ọkùnrin mìíì tí ìyẹn ń jẹ owó yín ńkọ́? Tí wọ́n bá fẹ́ ọkọ kí wọ́n tó pé ọdún 55, wọ́n á dá owó náà dúró, tí ìgbéyàwó yẹn bá sì tú tàbí ọkọ yẹn kú, owó á padà wá. Tí wọ́n bá ti pé 55, ẹni tó wù wọ́n ni kí wọ́n fẹ́, owó ò lọ síbì kankan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà lọ́run nígbà yẹn, kí lẹ tún fẹ́ fi ìyẹn ṣe?

Ó wá ku èyí tó gbé mi jókòó kọ lẹ́tà yìí. Ẹ ní, mo tún fóònù yẹn gbọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó kọ ọ́, ẹ ní, «Ilé mẹ́ta ni mo kọ́ sí Ìbàdàn, Àǹtí ẹ ò lè jìyà.»

Bọ̀dá mi, ṣé ti Yorùbá lẹ̀ ń ṣe ni àbí ti Amẹ́ríkà? Torí tó bá jẹ́ ti Yorùbá, ọmọ ló ń jogún, ìyàwó kì í jogún ọkọ. Yálà wọ́n fi ìdí-igi pín in ni o, tàbí orí-ò-jorí, kò sí ibi tí ìpín ìyàwó wà níbẹ̀. Èmi kọ́ ló ń sọ ọ́. Ní 1957, nínú ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu, ilé ẹjọ́ sọ ọ́ láìfepo bo iyọ̀ pé lábẹ́ àṣà Yorùbá ìyàwó ò lè jogún ohun ìní ọkọ ẹ̀ torí pé òun fúnra ẹ̀ jẹ́ ohun tí ẹbí ọkọ ń jogún. Ẹ máa ní ayé àtijọ́ nìyẹn. Ní 1997, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà tún gbé e sọ nínú ẹjọ́ Akinnubi, wọ́n ní opó ò lè gba ìwé àṣẹ láti máa bójú tó ohun tí ọkọ fi sílẹ̀ lábẹ́ àṣà yẹn. Ẹni tó bá ṣe ìgbéyàwó kọ́ọ̀tù ní òfin tiẹ̀, ẹni tó bá ṣe ìwé ìhágún ní tiẹ̀. Ẹ̀yin wá ńkọ́? Ìwé ìhágún yín dà? Orúkọ ta ló wà lórí ìwé ilẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Tí mo bá rántí dáadáa, ti Àkóbọ̀ yẹn, orúkọ Ẹ̀gbọ́n ló wà lórí rìsíìtì torí ẹ̀yin wà ní Jámánì nígbà tí wọ́n rà á.

Mo mọ ìyá kan ní ọ̀dọ̀ wa níbí, ọkọ wọn fẹ̀yìntì láti Army bíi tiyín, ọkùnrin náà kú, wọ́n gbé òkú lọ sílé lọ sin. Ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n ṣe fídáù, ìyá yìí jókòó sínú yàrá pẹ̀lú àwọn tó wá kí wọn, ni wọ́n bá gbọ́ ohùn àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ nísàlẹ̀. Wọ́n ń bá àwọn tó háyà ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé sọ̀rọ̀, wọ́n ń sọ fún wọn pé láti oṣù yẹn lọ ọ̀dọ̀ àwọn ni kí wọ́n máa san rẹ́ǹtì sí. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ ti ní ìwé kékeré lọ́wọ́ tó ń kọ orúkọ wọn àti iye tí kálukú ń san sí. Jígí tí ọkọ fi ń kàwé ṣì wà lórí tábìlì o, aṣọ ọkọ ṣì wà nínú wọ́dúròòbù. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n wọ ọkọ̀ òfúrufú padà wá síbí. Nígbà tí wọ́n fi máa dé, wọ́n ti fa pẹ́ńṣàn tó wọlé lẹ́yìn ikú padà. Wọ́n kọ fọ́ọ̀mù tiwọn ránṣẹ́, DD 2656-7 lorúkọ ẹ̀, ó gba sùúrù, àmọ́ nígbà tó yá, owó SBP bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Owó yẹn ni wọ́n fi ń san mọ́gééjì ilé tí wọ́n wà títí dòní, kò sí ẹ̀gbọ́n ọkọ kankan tó lè lọ bá wọn nísàlẹ̀ pé ọ̀dọ̀ àwọn ni kí wọ́n máa san án sí.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bínú díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. SBP kì í ṣe ogún. Kì í gba ọwọ́ ẹbí kọjá, kì í gba inú ìwé ìhágún kọjá, ẹnikẹ́ni ò lè fi ìdí-igi pín in. Láti ọwọ́ ìjọba ló ń lọ tààrà sínú báńkì ìyàwó. Nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ ní láyé yìí, òun nìkan ni mo mọ̀ tí kò sẹ́ni nílé tó lè fọwọ́ kàn án, òun náà lẹ wá fẹ́ kọ́kọ́ jù sílẹ̀.

Ẹ tún wo ohun tí Àǹtí fi sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé ogún ọdún yẹn. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbé yín láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíì ni wọ́n ń fi iṣẹ́ sílẹ̀, láti North Carolina lọ Jámánì, láti Jámánì wá Texas, láṣẹ́ńsì tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ níbí kò ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ látorí. Ìgbà tẹ́ ẹ lọ Korea láìmú wọn dání, àwọn ni wọ́n ń ji ọmọ mẹ́ta láàárọ̀ kí wọ́n tó sùn lẹ́yìn iṣẹ́ òru. Ibi iṣẹ́ wo ni wọ́n pẹ́ tó láti ní pẹ́ńṣàn? Pẹ́ńṣàn yẹn tiyín ni lórí pépà, mi ò jiyàn.

Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù ọ̀hún wá kù. DD Form 2656-2 ni. Ọdún kan péré ni ilẹ̀kùn ẹ̀ ń ṣí, láti oṣù karùndínlọ́gbọ̀n tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gba pẹ́ńṣàn dé oṣù kẹrìndínlógójì, òfin tí wọ́n ṣe ní 1997 tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 17 May 1998 ló ṣí i, ẹ ti wà nínú ọdún náà báyìí, ìyẹn ló jẹ́ kẹ́ ẹ máa kánjú. Tí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ yín, oṣù tó tẹ̀ lé e ni yíyọ á dúró. Kọ́bọ̀ kan nínú èyí tẹ́ ẹ ti san, wọn ò ní dá a padà. Ẹ ò sì lè padà wọlé mọ́. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì máa ń ṣílẹ̀kùn fún gbogbo èèyàn, èyí tí wọ́n ṣí kẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ ní 23 December 2022 ó sì parí ní 1 January 2024, àwọn tó gba ibẹ̀ wọlé sì san gbogbo owó ẹ̀yìn pẹ̀lú èlé. Ìyẹn kọ́ lèèyàn ń gbójú lé.

Fọ́ọ̀mù yẹn ò ṣeé gbà láìsí ọwọ́ ìyàwó níbẹ̀, lójú ẹlẹ́rìí bíi nótárì. Ẹ mọ ìdí ẹ̀? Tẹ́lẹ̀, tí ọkọ bá fẹ̀yìntì tó bá ní òun ò ṣe SBP, wọ́n kàn máa ń fi létí ìyàwó ni, kò ní ẹnu níbẹ̀.  Ìgbà tó di 1 March 1986 ni òfin wá sọ pé ọkọ tó bá fẹ́ dín in kù tàbí kọ̀ ọ́, ìyàwó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ̀yìntì, wọ́n fi yín sí odindi torí bẹ́ẹ̀ ni òfin ṣe ń fi gbogbo ẹni tó ní ìyàwó síbẹ̀ tí kò bá sí ìwé tó sọ nǹkan mìíì. Ọwọ́ Àǹtí yẹn, àwọn obìnrin ló jà fún un.

Ẹ wá dákẹ́ díẹ̀ nínú fọ́ìsì nóòtù yẹn, ẹ rẹ ohùn sílẹ̀, ẹ ní ẹ máa kì í bọ àárín àwọn pépà táàsì, kí Àǹtí ṣáà sáìn, wọn ò gbọdọ̀ ka gbogbo ẹ̀. Mo gbọ́ ọ o. Mo tiẹ̀ dá a padà kí n lè mọ̀ bóyá etí mi ni. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Tó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà dáa bẹ́ẹ̀, kí ló dé tó fi jẹ́ ààrin pépà táàsì ló máa gbà kọjá? Nótárì ò ní bá yín ṣàlàyé fún wọn, iṣẹ́ nótárì kọ́ nìyẹn, ó máa wo káàdì ìdánimọ̀, ó máa wo bí wọ́n ṣe ń sáìn, ó máa lu sítáǹbù, ó tán. Èmi ò sì fẹ́ kó jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n bá ń gbé yín lọ sin ni Àǹtí á wá máa bi mí pé àbúrò, ìwọ tó o mọ̀wé ṣọ́jà, ìwé wo ni wọ́n ní mo sáìn?

Mi ò ní kẹ́ ẹ má jáde o. Ẹ gbọ́ mi yé. Ẹni tí ìyàwó ẹ̀ ní pẹ́ńṣàn tó ju tiẹ̀ lọ, kò burú tí wọ́n bá jọ pinnu pé kí wọ́n dá a dúró. Ẹni tí ìyàwó ẹ̀ ń ṣàìsàn tí dókítà ti sọ ibi tó máa já sí, owó yẹn wúlò fún ìtọ́jú ẹ̀ báyìí. Ẹni tí VA ti fi sí 100 fún ọdún mẹ́wàá léraléra, ilẹ̀kùn mìíì tó yàtọ̀ sí èyí wà fún un láti jáde, kò sì ní láti bá ọdún kẹta sáré. Gbogbo wọn ò jọ tiyín. Tẹ́ ẹ bá sì dúró, kì í ṣe pé ẹ máa san án títí ayé: tẹ́ ẹ bá ti san án fún oṣù 360, tẹ́ ẹ sì ti pé 70, ó parí, ẹ ò san kọ́bọ̀ mọ́, Àǹtí á sì máa gba tiwọn bó ṣe yẹ.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe nìyí. Ẹ wọ myPay, ibi tẹ́ ẹ ti ń wo owó pẹ́ńṣàn yín lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ tẹ stéètímẹ́ǹtì ti oṣù yìí jáde. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ SBP coverage sí. Ẹ máa rí annuity base amount, ìyẹn ni iye tẹ́ ẹ fi sílẹ̀. Ẹ máa rí spouse cost, ìyẹn lohun tó ń dùn yín. Nítòsí ẹ̀, ẹ máa rí 55% annuity amount, ìyẹn lohun tẹ́ ẹ ò mẹ́nu bà nínú gbogbo fọ́ìsì nóòtù yẹn. Ẹ mú báírò, ẹ fa ilà sábẹ́ méjèèjì, ẹ gbé e fún Àǹtí lọ́jọ́ tí wọn ò ṣiṣẹ́ òru, kì í ṣe àárọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé tí ojú wọn ń ṣú. Ẹ sọ fún wọn ní Yorùbá: oṣooṣù iye báyìí ni wọ́n ń yọ, tí mo bá kú iye báyìí lẹ máa gbà, mo fẹ́ dá a dúró torí báyìí báyìí, kí lẹ rí sí i? Kí ẹ̀yin náà wá dákẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bèèrè nǹkan, Retirement Services Officer, òṣìṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn tó fẹ̀yìntì, wà ní béèsì, ọ̀fẹ́ ni, ẹ̀yin méjèèjì lè jọ lọ.

Tí Àǹtí bá kà á tán tí wọ́n ní àwọn gbà, èmi fúnra mi á wa ọkọ̀ gbé yín méjèèjì lọ sọ́dọ̀ nótárì, mi ò ní sọ ọ̀rọ̀ kan mọ́. Tí wọ́n bá ní rárá, ẹ fi fọ́ọ̀mù yẹn sílẹ̀, kẹ́ ẹ wá ronú lórí ìwé ìhágún àti rìsíìtì Àkóbọ̀ tó wà lórúkọ Ẹ̀gbọ́n, torí ìyẹn ló yẹ kó máa dí yín lójú oorun jù.

Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ. Tí Àǹtí bá bi yín pé kí ni mo kọ sí yín, ẹ kàn na fóònù sí wọn kí wọ́n kà á.

Èmi ni,
Àbúrò yín.